Àpò omi inú kíndìnrín bàbá: ṣé jẹjẹrẹ ni, ṣé kí wọ́n yọ ọ́?

Ẹnì kan tó wà ní Manchester ló kọ̀wé sí mi nípa bàbá ẹ̀, ẹni ọdún 61 tó ń gbé n'Íbàdàn. Ìtọ̀ tó ń jí bàbá lóru ló gbé wọn lọ síbi síkáànù, próstéètì ni wọ́n fẹ́ wò, àpò omi kan ni wọ́n wá rí lára kíndìnrín òsì. Wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣe CT, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Rìpọ́ọ̀tù CT yẹn ní àpò náà fẹ̀ tó mìlímítà 38, awọ méjì pín inú ẹ̀, ẹfun díẹ̀ (kálísíọ̀mù tó ti le) wà lára ògiri ẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ bí omi inú ẹ̀ ṣe ki sí jẹ́ 34, wọ́n wá parí ẹ̀ sí pé complex cyst ni, àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Dókítà kan ní kí bàbá wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kóun yọ odindi kíndìnrín náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá ní àgbo lásán ló máa yọ́ ọ. Bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì já bọ́ lórí ọ̀kadà lọ́dún tó kọjá, ìhà òsì ni wọ́n fi lulẹ̀. Ìbéèrè ẹ̀ ni pé: ta ni kóun gbọ́ tiẹ̀?

Ẹ kú àníyàn bàbá o. Mo mọ bó ṣe máa ń rí tí òbí bá wà nílé tí ọmọ wà lókè òkun, fóònù á dún lóru, àyà á já kéèyàn tó gbé e. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí, kẹ́ ẹ lè fọkàn balẹ̀ ka ìyókù: ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n yọ kíndìnrín yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí bàbá jókòó sílé bíi pé kò sí nǹkan kan. Nínú rìpọ́ọ̀tù tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ìlà kejì ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta, ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé wọn ò fún bàbá ní kọ́ńtíráàsì, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ sínú iṣan kí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń dé lè tàn nínú àwòrán. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. CT tí wọn ò fi kọ́ńtíráàsì ṣe ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá irú àpò yìí jẹ́ jẹjẹrẹ àbí kì í ṣe jẹjẹrẹ, ìdí nìyẹn tí ẹni tó kà á fi kọ ohun tó kọ, òótọ́ ló sọ, kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ torí gbólóhùn yẹn gbé ọ̀bẹ ló yá jù.

Àpò omi nínú kíndìnrín wọ́pọ̀ gan-an. Téèyàn bá ti kọjá ọdún 50, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin, àní nínú mẹ́ta, ló ní ọ̀kan ó kéré tán, ọ̀pọ̀ ò sì ní mọ̀ títí wọ́n á fi lọ ṣe síkáànù nǹkan míì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ògiri ẹ̀ fẹ́lẹ́, omi inú ẹ̀ mọ́, kò sí nǹkan kan tó pín in. Ìyẹn kì í di jẹjẹrẹ, a kì í tún síkáànù ẹ̀ ṣe, a kì í fún un lóògùn, tí kò bá ti tóbi débi pé ó ń fún èèyàn ní ìrora, a máa ń fi í sílẹ̀ ni. Tí wọ́n bá wá kọ complex, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé nǹkan míì wà nínú àpò náà yàtọ̀ sí omi tó mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ̀ bí ojú ọjà, ó gba èyí tí kò léwu rárá, ó sì gba èyí tó jẹ́ jẹjẹrẹ gidi, nítorí náà ọ̀rọ̀ complex nìkan ò tó láti fi pinnu nǹkan kan. Ibi tó wà láàárín ìsọ̀rí kìíní sí ìkẹrin tí wọ́n pín àwọn àpò yìí sí la gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Morton Bosniak, dókítà tó ń ka síkáànù ní New York, ló to àwọn àpò yìí sí ìsọ̀rí lọ́dún 1986, orúkọ ẹ̀ ló wà nínú rìpọ́ọ̀tù káàkiri ayé títí dòní. Lọ́dún 2019 wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi MRI, ẹ̀rọ àwòrán tó ń lo mágínẹ́ẹ̀tì, kún un, wọ́n sì fi mìlímítà díwọ̀n àwọn ohun tó jẹ́ pé ojú lásán la fi ń díwọ̀n tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tí mo máa ń gbà ṣàlàyé ẹ̀ rèé. Tẹ́ ẹ bá bó ọsàn, tẹ́ ẹ wá fi ọ̀bẹ là á sí méjì, ẹ máa rí awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó pín in sí abala abala. Irú awọ yẹn ló máa ń wà nínú àpò omi. Tí kò bá sí awọ kankan, Bosniak I nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọ̀kan sí mẹ́ta, tó fẹ́lẹ́, tí kò ju mìlímítà 2 lọ, Bosniak II ni, ìyẹn náà ò nílò ìtọ́jú. Tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá ti pé mẹ́rin sókè, tàbí tí ọ̀kan tàbí ògiri àpò bá nípọn tó mìlímítà 3 àmọ́ tó ń dán geere, a ti dé IIF. Lẹ́tà F yẹn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ohun tó ń sọ ni pé kẹ́ ẹ máa padà wá wò ó. Mìlímítà 4 sókè, tàbí kí ojú awọ ṣe gbágungbàgun, III nìyẹn. Tí kókó bá wá yọ lára ògiri tàbí lára awọ, tí kókó náà sì ń gba ẹ̀jẹ̀, a ti dé IV.

Ẹ wo bí mìlímítà kan ṣe ń gbé èèyàn láti ìsọ̀rí kan bọ́ sí òmíì. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ má gba ìwé rìpọ́ọ̀tù nìkan nìyẹn, ẹ gba CD tí àwòrán wà nínú ẹ̀, owó tẹ́ ẹ san ló rà á, ẹ̀tọ́ yín ni. Ojú ẹlòmíì gbọ́dọ̀ tún wo àwòrán yẹn fúnra ẹ̀.

Ẹ̀rù ẹfun tó wà lára ògiri yẹn ba ẹ̀yin náà, mo rí i nínú bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó kúrò lọ́kàn yín. Nígbà kan àwọn dókítà máa ń ka ẹfun sí àmì búburú, àmọ́ a ti mọ̀ báyìí pé ẹfun lásán ò sọ àpò omi di jẹjẹrẹ, aburú kan ṣoṣo tó lè ṣe ni pé tó bá pọ̀ jù ó lè bo nǹkan tó wà lẹ́yìn ẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú CT, MRI la máa fi wo irú ẹ̀.

Nọ́ńbà 34 yẹn ló kàn, òun ló gbà mí lọ́kàn jù. CT ní òṣùwọ̀n tó fi ń mọ bí nǹkan ṣe ki sí. Omi lásán jẹ́ òdo, omi inú àpò tí kò léwu kì í sábà kọjá 20. Tó bá lé ní 70 láìsí kọ́ńtíráàsì, tó sì dọ́gba kárí, ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tàbí omi tó ki ni, ìyẹn ò léwu. Èyí tó wà láàárín 20 sí 70 ló máa ń dà wá láàmú, torí ẹ̀jẹ̀ lè rí bẹ́ẹ̀, omi tó ki lè rí bẹ́ẹ̀, ẹran ara jẹjẹrẹ náà lè rí bẹ́ẹ̀. 34 ti bàbá bọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá sọ fún mi pé wọ́n ṣubú lórí ọ̀kadà, pé ìhà òsì gan-an ni wọ́n fi lulẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú àpò omi tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni o. Mo ń sọ pé ó jọ ọ́, a sì ní ohun tá a fi lè mọ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì lò ó fún bàbá.

Kọ́ńtíráàsì ni nǹkan náà. Ẹni tó bá ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ l'Ábẹ́òkúta á tètè yé e. Ìyá aláró á fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára aṣọ, á wá rì í sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ wà ò ní gba aró, ibi tó kù á dúdú. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé kọ́ńtíráàsì kiri inú ara. Omi inú àpò ò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, nítorí náà kò ní gbà á, bó ṣe wà náà ló máa wà. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dì náà ò ní gbà á. Àmọ́ jẹjẹrẹ ò lè wà láàyè láìsí ẹ̀jẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní iṣan tiẹ̀, nítorí náà tí kọ́ńtíráàsì bá ti dé ibẹ̀, ó máa tàn. Nítorí ẹ̀ la ṣe máa ń ya àwòrán kan ṣáájú abẹ́rẹ́, ká tún ya òmíì lẹ́yìn ẹ̀, ní bíi ìṣẹ́jú kan àbọ̀ sígbà tí kọ́ńtíráàsì wọlé, ká wá fi nọ́ńbà méjèèjì wéra. Tí ibì kan bá jẹ́ 34 tó di 37, kò gbà á. Tó bá jẹ́ 34 tó di 75, ó gbà á. 20 ni àlàfo tá a ń wá, láàárín 10 sí 20 àwọn ẹ̀rọ míì lè purọ́ fún wa, ká bọ́ sórí MRI ló dáa.

Ìyá kan jókòó tì mí nígbà kan, ọmọ wọn ló mú wọn wá, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ìwé tí wọ́n gbé wá ní àpò omi lásán ni, pé kí wọ́n máa lọ ilé. Mo pa iná yàrá, mo fa àwòrán náà kó tóbi, mo ní kí wọ́n bá mi ka awọ inú ẹ̀. Wọ́n ní “ọ̀kan, méjì.” Mo gbé àmì mọ́ọ̀sì sórí awọ kejì, mo ń sún un díẹ̀díẹ̀ lọ síbi tó ti so mọ́ ògiri, ibẹ̀ la ti rí i pé ó wú, kókó kékeré kan, mìlímítà 5 péré. Ṣáájú abẹ́rẹ́ 31, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ 88. Bosniak IV ni. Wọ́n gé ibẹ̀ nìkan kúrò, kíndìnrín tó kù ṣì ń ṣiṣẹ́ lára wọn. Mo sọ ìtàn yìí kẹ́ ẹ má baà rò pé torí mo ní kẹ́ ẹ dúró lórí iṣẹ́ abẹ, mò ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìwé tó ń dẹ́rù bani lè ṣìnà, èyí tó ń fọkàn ẹni balẹ̀ náà lè ṣìnà.

Nítorí náà, ohun tẹ́ ẹ máa fowó yín ṣe nìyí. Kí bàbá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ creatinine kí wọ́n lè ṣírò eGFR wọn, nọ́ńbà tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, torí ẹni tí tiẹ̀ bá ti wálẹ̀ ju 30 lọ, a máa ń ronú dáadáa ká tó fún un ní kọ́ńtíráàsì CT. Kí wọ́n sọ tí oúnjẹ tàbí oògùn kan bá ń bá wọn jà, tí wọ́n bá ní ásímà, tí wọ́n bá ń lo metformin fún ṣúgà. Tí wọ́n bá dé ibẹ̀, kí wọ́n sọ pé CT kíndìnrín ni, tí wọ́n máa ya ṣáájú àti lẹ́yìn kọ́ńtíráàsì, torí wọ́n lè ṣe CT ikùn lásán fún wọn, èyí tó máa ń jẹ́ pé ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n máa yà, tí a ò wá ní nǹkan tá a máa fi wé. Ẹ sọ fún bàbá ṣáájú pé tí abẹ́rẹ́ bá wọlé, ara wọn á gbóná lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu wọn á dà bíi pé wọ́n lá irin, ó sì lè ṣe wọ́n bíi pé wọ́n ti tọ̀ sára. Wọn ò tọ̀ sára o, á lọ láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí wọ́n ṣáà má mira, tí wọ́n bá mira àwòrán á bàjẹ́. Tí kíndìnrín wọn ò bá gba kọ́ńtíráàsì CT, MRI wà. Síkáànù tí wọ́n ń fún ní abẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ wà nínú ẹ̀ náà wà, ẹ̀dọ̀fóró la fi ń mí ìyẹn síta, kò kan kíndìnrín rárá, àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo lẹ ti máa rí i. Ẹ tún bá wọn tú inú dúrọ́ọ̀ wò. Tí bàbá bá ti ṣe síkáànù ikùn kankan rí, bó jẹ́ ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹ wá a jáde, ìwé àtijọ́ kan lè yanjú ohun tí ẹ̀rọ tuntun mẹ́ta ò lè yanjú.

Tí èsì bá jáde ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé awọ méjì yẹn fẹ́lẹ́, tí omi inú ẹ̀ ò gba kọ́ńtíráàsì, Bosniak II ni, ẹ lọ sùn. Tó bá jẹ́ IIF, ẹ padà ya òmíì lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, òmíì nígbà tó bá pé ọdún kan, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún títí di ọdún márùn-ún. Díẹ̀ ló máa ń yí padà nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ kan náà ni kẹ́ ẹ máa lò tó bá ṣeé ṣe, torí MRI máa ń rí awọ tí CT ò rí, tí CT bá sọ IIF lónìí tí MRI wá sọ III lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀rù á bà yín pé ó ti dàgbà, bẹ́ẹ̀ sì rèé ojú tẹ́ ẹ fi wò ó ló yàtọ̀. Bí àpò náà bá kàn tóbi sí i ní mìlímítà díẹ̀, ìyẹn nìkan ò já sí nǹkan kan, àpò omi tí kò léwu náà máa ń dàgbà. Inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́.

III ló ṣòro jù láti gba èèyàn nímọ̀ràn lé lórí. Nínú àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún, bí ìdajì ló jẹ́ jẹjẹrẹ, ìdajì kejì ò jẹ́ nǹkan kan, wọ́n kàn gé wọn lásán ni. Èyí tó jẹ́ jẹjẹrẹ gan-an nínú ìdajì yẹn, jẹjẹrẹ inú àpò omi, ó sábà máa ń rọra ṣe, ó ṣọ̀wọ́n kó tàn lọ síbòmíì. Nítorí ẹ̀ la ṣe máa ń sọ fún ẹlòmíì tó ti dàgbà tàbí tí àìsàn míì wà lára ẹ̀ pé ká jọ máa ṣọ́ ọ. IV ò ní àríyànjiyàn púpọ̀, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló máa ń jẹ́ jẹjẹrẹ, ká mú un kúrò ló dáa tí ara bàbá bá gbà á. Àmọ́ èyí tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, bíi ti bàbá yìí, ibẹ̀ nìkan ló yẹ kí wọ́n gé kúrò, kí wọ́n dá kíndìnrín tó kù sí. Tí dókítà kan bá ní odindi ni, ẹ bi í léèrè ìdí tí kò fi lè gé apá kan. Àwọn ìdí gidi wà o, ó lè jẹ́ pé ó wà láàárín gbùngbùn níbi tí àwọn iṣan ńlá wà. Àmọ́ kó sọ ìdí náà fún yín, tó bá sì jẹ́ pé irú iṣẹ́ abẹ yẹn ni wọn kì í ṣe níbẹ̀, kó fi bàbá ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kíndìnrín tá a máa dá sí yìí ń jẹ mí lọ́kàn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, màá sì sọ ìdí. Bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyẹn ti ń jẹ kíndìnrín díẹ̀díẹ̀. Yorùbá sì ni wọ́n. Lọ́dún 2010 àwọn olùwádìí rí i pé àyípadà kan wà nínú jíìnì tó ń jẹ́ APOL1 tó ń mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́, ó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn tí wọ́n gbà fún ìwádìí jíìnì àgbáyé sì wà lára ohun tó jẹ́ ká mọ̀. Ẹni tó bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni ewu ẹ̀ pọ̀ fún. Kò ní í ṣe pẹ̀lú jẹjẹrẹ. Ohun tó kàn mí nínú ẹ̀ ni pé tí wọ́n bá yọ kíndìnrín kan lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ láìnídìí, ọ̀kan tó kù lè má gbé e dé ogbó, dáyálísíìsì, ẹ̀rọ tó ń bá kíndìnrín fọ ẹ̀jẹ̀, ló sì máa kàn, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn ń fi ojú àwọn èèyàn rí nílé. Mo ti rí ẹni tí jẹjẹrẹ ò ṣe ní nǹkan kan tó jẹ́ pé dáyálísíìsì ló sọ gbogbo ẹbí di onígbèsè. Ó máa ń dùn mí dé egungun.

Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé àgbo ò lè yọ́ àpò omi kíndìnrín, kò sí ọ̀nà tó máa gbà débẹ̀. Àwọn àgbo kan sì máa ń ba kíndìnrín jẹ́, àwọn oògùn ìrora tí wọ́n ń tà káàkiri náà ńkọ́, ẹni tó ń dúró de CT tó ń mu ìwọ̀nyí lè débẹ̀ kí creatinine ẹ̀ ti ga, kí wọ́n dá a padà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ fa omi inú àpò náà kó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Omi yẹn lè jáde kó má fi nǹkan kan hàn, kí jẹjẹrẹ sì wà lára ògiri. Báyọ́psì, ìyẹn ká fi abẹ́rẹ́ mú ẹran ara díẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wúlò tí kókó gidi bá wà tí abẹ́rẹ́ lè wọ̀, kò wúlò fún àpò tó jẹ́ pé omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ọjọ́ mélòó lẹ ní? Ẹ lè fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣe é dáadáa, ẹ ò ní láti sáré, nǹkan yìí kì í dàgbà lóru mọ́jú. Àyàfi tí bàbá bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, tí ibà gíga bá mú wọn pẹ̀lú ìrora ìhà, tàbí tí wọ́n ń rù láìnídìí, ìgbà yẹn kí wọ́n lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ yẹn, mo fẹ́ kí àwọn míì tó ń ka èyí gbọ́ ọ pẹ̀lú: ọ̀dọ́ tó bá jẹ́ AS tó ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má kàn sọ pé torí AS ni, ó sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ irú jẹjẹrẹ kíndìnrín kan wà tó jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ AS ló máa ń mú, ó yára, síkáànù ni kẹ́ ẹ bá wọn ṣe.

Ẹ pe dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má bá a jà, ẹ kàn sọ fún un pé ẹ fẹ́ CT alákọ́ńtíráàsì ṣáájú, dókítà tó dáa ò ní bínú sí ìyẹn. Tí CT tuntun bá ti jáde, nǹkan mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi: nọ́ńbà inú àpò náà ṣáájú kọ́ńtíráàsì àti lẹ́yìn ẹ̀, bí awọ tó nípọn jù ṣe nípọn tó ní mìlímítà, àti creatinine bàbá. Ẹ bá mi kí wọn.